Bí Abọ́gunrìn Ṣe La Ọ̀nà Odò fún Ìdó-Akòko

Kì í ṣe ogun ló fẹ́ẹ̀ pa Ìdó-Akòko run. Ọwọ́ àwọn àgbà wa ni. Nígbà tí ogun fọ́ àwọn ìlú ìsàlẹ̀ tán, gbogbo ẹni tí orí kó yọ ló forí lé ọ̀dọ̀ wa, torí wọ́n gbọ́ pé odi wa ga. Olóyè tí àlejò bá kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ fún ni í fún un nílẹ̀, ẹ̀yìnkùlé ara rẹ̀ ló sì ń bù fún un, kí àlejò má baà bọ́ sọ́wọ́ olóyè mìíràn. Ẹni tí èrò ẹ̀yìn rẹ̀ bá pọ̀ jù, ohùn tirẹ̀ ló ń ta jù nínú ìgbìmọ̀. Báyìí ni wọ́n ṣe ń to ilé lé ilé, tí òrùlé koríko ń kan òrùlé koríko, tí ẹnikẹ́ni kò bèèrè ibi tí aboyún yóò gbà dé odò. Ọgbọ́n àgbà rèé o! Kí ẹ̀ẹ̀rùn tó mú, ilé àwọn àlejò ti di odindi àdúgbò, Ìsàlẹ̀-Àlejò, ọ̀nà odò sì ti di ihò láàárín ògiri méjì, ẹni méjì tó ru omi kò lè pàdé níbẹ̀ kí ọ̀kan má padà sẹ́yìn.

Abọ́gunrìn ọmọ Ajíbógundé, Jagun ìlú, ẹkùn tó ṣọ́ ibodè fún oṣù mẹ́ta tí ọ̀tá kò ríbi wọlé, òun nìkan ló dìde nínú ìgbìmọ̀.

“Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín. Ogun tó wà lẹ́yìn odi, mo mọ bí mo ṣe ń bá a jà. Èyí tí ẹ fọwọ́ ara yín kọ́ sáàárín ìlú yìí, idà wo ni kí n yọ sí i? Bí iná bá sọ ní Ìsàlẹ̀-Àlejò, ibo ni omi yóò gbà débẹ̀? Ẹ jẹ́ ká la ọ̀nà tó fẹ̀ láti odò dé ibodè. Ilé tèmi ni kí ẹ kọ́kọ́ wó.”

Lápité, Ọ̀tún ìlú, tí ilé rẹ̀ dí ẹnu odò, rẹ́rìn-ín. “Jagun, ṣé oorun ń kùn ọ́ ni? Oórì baba mi wà nínú ilé yẹn. Ṣé torí àwọn tó sá wá lánàá ni n ó ṣe wó o? Ẹ jẹ́ ká rò ó ná.”

Gbogbo ìgbìmọ̀ ní, “Ká rò ó.” Ẹ̀yin náà kúkú mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, Abọ́gunrìn wó yàrá mẹ́rin nínú ilé ara rẹ̀. Àwọn aládùúgbò rẹ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí, àmọ́ nígbà tó yá, àwọn náà wó tiwọn. Ọ̀nà náà ń bọ̀, ó ń bọ̀, ó kan ògiri Lápité, ó dúró. Lápité ti kó àwọn ìránṣẹ́ oníkùmọ̀ síbẹ̀.

Ọjọ́ kẹtàdínlógún tí ọ̀nà ti dúró síbẹ̀, lọ́sàn-án gangan, tí ọyẹ́ ń fẹ́, iná sọ níbi tí obìnrin kan ti ń se epo ní Ìsàlẹ̀-Àlejò. Gbogbo ìlú gbé ìkòkò lọ sódò. Wọ́n há sínú ihò yẹn, ìkòkò ń fọ́ mọ́ra wọn. Abọ́gunrìn gbé ọkọ́, ó kọjú sí ògiri Ọ̀tún. Àwọn ìránṣẹ́ Lápité ń la kùmọ̀ mọ́ ọn léjìká, kò wẹ̀yìn, títí ògiri fi wó tí omi ríbi kọjá. Ìdajì àdúgbò náà ló yè. Èèyàn mọ́kànlélógójì ló jóná. Ìgbà mẹ́fà ni Abọ́gunrìn wọ inú iná lọ gbé ọmọ ọlọ́mọ jáde. Ní ìgbà keje, òrùlé wó lù ú.

Lápité wá kí i níbi tí wọ́n tẹ́ ẹ sí. Abọ́gunrìn wò ó.

“Ọ̀tún, ẹ ṣeun tí ẹ wá. Ẹ má sin mí sínú yàrá. Ojú ọ̀nà yẹn, níbi tí ògiri yín wà, ni kí ẹ gbẹ́ ilẹ̀ mi sí. Mo mọ̀ yín. Bí mo bá ti kú, ẹ óò tún kọ́lé dí i. Oórì lẹ ń bẹ̀rù, ẹ ò bẹ̀rù iná. Ó dáa, ẹ kọ́lé lé tèmi lórí kí n rí i.”

Ó kú ní ọjọ́ kẹta. Ibẹ̀ ni wọ́n sin ín sí, Lápité ló sì sunkún jù níbi ìsìnkú. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó kọ́ ohunkóhun sí ojú ọ̀nà náà. Títí dòní, ọkọ̀ akẹ́rù ń yí oórì Abọ́gunrìn po kó tó lọ, òun sì ni ọ̀nà kan ṣoṣo tó fẹ̀ tí a ní.

Àdúgbò tuntun mẹ́sàn-án ti kún ara ìlú báyìí. Ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ ló ń pín ilẹ̀, wọ́n sì ń pín in bí ìgbà Lápité. Níbi ìpàdé tó kọjá, alága ki Abọ́gunrìn, ó kì í kì í, ó fẹ́ẹ̀ lè sunkún. Àwa ará Òkè-Tuntun, ọ̀kan nínú mẹ́sàn-án yẹn, bèèrè ọ̀nà, ó ní àwọn ń rò ó. Ìyá àgbà kan láti àdúgbò wa, Ìyá Moróunkẹ́jì, dìde.

“Alága, ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Ẹ ṣáà sọ fún wa, kí á lè múra sílẹ̀. Ta ni kí á sin sí tiwa?”