Ìdí Tí Sátẹ́láìtì Fi Ń Gbé Ojú Kan

Nígbà láéláé, Sátẹ́láìtì kì í gbé ojú kan lókè ọ̀run. Kíkiri ni ó máa ń kiri. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju ìránṣẹ́ lọ: kí ó gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹnìkan, kí ó sọ ọ́ sétí ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí i bó ṣe ń na apá méjèèjì yan fanda, ẹ ó rò pé òun ló dá oòrùn.

Kí wọ́n tó fún un níṣẹ́, Ilẹ̀ ti mú un búra. Ó tọ́ erùpẹ̀ lá níwájú gbogbo ẹ̀dá, ó ní, "Bí wọ́n bá rán mi níṣẹ́ tí n kò jẹ́ ẹ, kí Ilẹ̀ mú mi."

Díìṣì, tó ń gbé orí òrùlé Ìyá Ṣíjúadé ní etí ọ̀sà, ló ń jìyà jù. Òun ló ń gbé ọ̀rọ̀ ilé náà fún Sátẹ́láìtì, nítorí náà ó ní láti máa yí ọrùn tẹ̀ lé alárìnká yìí kiri. Ọrùn ń ro ó gidigidi.

"Ẹ kú ìrìn o, ẹ̀gbọ́n," Díìṣì á kí i.

Sátẹ́láìtì á yínmú. "Ta ni ẹ̀gbọ́n ẹ? Ìwọ abọ́ orí òrùlé yìí!"

Oríkì nìkan ló lè dá a dúró. Ẹ gbọ́ ná, ìránṣẹ́ tó ń gba oríkì lójú ọ̀nà! Ìtìjú ò sí níbẹ̀ rárá.

Ní ọjọ́ kan, Ìyá Ṣíjúadé ń yan ẹja nígbà tí ó rí i pé òkè ọ̀sà ṣú dùdù. Ṣíjúadé, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, wà ní òdìkejì omi, ó fẹ́ wakọ̀ bọ̀ wálé. Ìyá sáré wá sábẹ́ òrùlé.

"Díìṣì, bá mi sọ fún Ṣíjúadé kó má wọkọ̀ o! Ìjì ń bọ̀. Òun nìkan ni mo bí."

Díìṣì gbé ọ̀rọ̀ náà sókè lójú ẹsẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yára!"

"Mo ti gbọ́. Ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ ni?"

Kò tíì rìn jìnnà tí Àwòdì fi rí i. "Arìnlókè-má-ṣubú! Oòrùn kejì! Alápá wúrà!"

Orí Sátẹ́láìtì wú. Ó dúró, ó tún apá nà. "Tún un sọ."

Àwòdì tún un sọ. Ó tún ní kó tún un sọ. Ibẹ̀ ló wà tí ààrá fi sán, tí ìjì sì dojú ọkọ̀ Ṣíjúadé dé.

Ìyá dúró létí omi, ó káwọ́ lérí títí ó fi di ìrọ̀lẹ́. Nígbà náà ni ọmọ rẹ̀ rá gòkè, ó di pákó kan mú. Ọkọ̀ ti lọ, àwọ̀n ti lọ.

"Ìyá mi," ó ní, "ẹ ò tilẹ̀ ránṣẹ́ sí mi."

"Mo ránṣẹ́, ọmọ mi. Ẹni tí mo rán ni kò jẹ́ ẹ."

Ọ̀rọ̀ yìí dun Díìṣì wọra. Ó ké pe Ilẹ̀, ó sì rojọ́ gbogbo rẹ̀.

"Mo kàn dúró díẹ̀ ni," Sátẹ́láìtì dáhùn. "Ṣebí ọmọ náà ò kú?"

"Ẹni bá dalẹ̀ á bálẹ̀ lọ," ni Ilẹ̀ wí. "O fẹ́ràn ìdúró, àbí? Ó dáa. Ọ̀kánkán Díìṣì ni o ó máa wà. Ibi tí mo bá yí sí, ibẹ̀ ni o ó bá mi yí sí."

Ilẹ̀ tì í lọ sókè réré.

"Àwòdì ńkọ́?" Sátẹ́láìtì kígbe.

"Àwòdì ò lè fò débẹ̀."

Láti ọjọ́ náà ni Sátẹ́láìtì ti ń gbé ojú kan, tó ń jẹ́ iṣẹ́ tọ̀sán-tòru, tí Díìṣì sì jókòó jẹ́ẹ́ sórí òrùlé, tí ọrùn kò ro ó mọ́. Òṣùpá tí kì í jẹ́ iṣẹ́ fún ẹnikẹ́ni, àwọn ọmọdé ń kọrin kí i. Ta ló ń kí Sátẹ́láìtì? Ìgbà tí àwòrán bá lọ lójú tẹlifíṣọ̀n nìkan ni wọ́n ń rántí rẹ̀, èébú ni wọ́n sì fi ń kí i.