Ọkùnrin Tí Ó Ń Wá Béèsì

“Má pa ilẹ̀kùn yẹn dé, mo fẹ́ máa gbọ́.”

Ọkùnrin kan wà tí ìyàwó rẹ̀ sọ báyìí fún un láti orí ibùsùn àìsàn. Kò sọ ọ̀rọ̀ mìíràn fún un mọ́ kí ó tó kú.

Orin ni ó ń lọ lọ́wọ́ ní pálọ̀ lọ́jọ́ náà. Ọkùnrin yìí ní sípíkà àtijọ́ méjì tí ó rà nígbà tí wọ́n ń wó ilé sinimá ìlú wọn. Irin ni wọ́n, ẹnu wọn sì là gbàràgàdà bí ìwo. Ohùn òkè wọn mọ́ gaara, ṣùgbọ́n wọn kò ní béèsì, ohùn ìsàlẹ̀ tí ó máa ń wúwo. Bí ẹgbẹ́ akọrin bá ń kọrin lórí rẹ́kọ́ọ̀dù, ohùn àwọn ọkùnrin á tín-ín-rín. Ìyàwó a máa rẹ́rìn-ín, a ní, “Àwọn ọkùnrin wọ̀nyí, ṣé wọn ò tíì jẹun ni?”

Lẹ́yìn ìsìnkú, ọkùnrin náà pinnu pé òun yóò wá béèsì fún àwọn sípíkà náà. Ó ní bí òkú bá ń gbọ́, ohun tí ó pé ni kí ó gbọ́.

Ó kọ́kọ́ fi pákó fa ẹnu ìwo ọ̀kan nínú àwọn sípíkà náà gùn, nítorí ohùn tí ó wúwo ń fẹ́ ọ̀nà gígùn. Ìwo náà gba pálọ̀ tán, àga sì bọ́ síta. Ó tún gbé e sí igun ilé, kí ògiri méjèèjì lè ran ẹnu rẹ̀ lọ́wọ́. Béèsì yọ díẹ̀. Kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó yí bọ́tìnì béèsì dé òpin, bí ẹni tí ó fẹ́ fi ipá fà á jáde. Awọ fẹ́lẹ́ tí ó ń gbọ̀n nínú ọ̀fun ìwo ya. Ó wá òmíràn. Ó kan àpótí ńlá, ó fi sípíkà béèsì sínú rẹ̀, ó sì pín ohùn, kí ìwo máa gbé ti òkè, kí àpótí máa gbé ti ìsàlẹ̀.

Èyí dára. Aládùúgbò rẹ̀ pariwo láti ẹ̀yìn fẹ́ǹsì, “Bàbá, ògiri mi ń gbọ̀n o! Ó ti dáa, ẹ jẹ́ á wá jókòó gbọ́ ọ.”

“Ó kù díẹ̀,” ni ó fi dá a lóhùn. Ó tú àpótí náà palẹ̀ ní ọjọ́ kejì.

Kò lè jókòó. Bí ó bá fi òwú kún inú àpótí, á tún yọ ọ́. Oúnjẹ á tutù lórí pákó. Bí orin bá ń dún, àléébù ni ó ń gbọ́. Bí orin bá dákẹ́, ọwọ́ rẹ̀ á máa wá súkúrúdíráfà.

Ní àsìkò yìí ni ọmọ rẹ̀ obìnrin bí ọmọbìnrin. Gbogbo ẹbí mọ orúkọ tí ọmọ náà yóò jẹ́, nítorí ìyá àgbà ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ ni. Ẹbí ọkọ gbà pé ẹnu bàbá àgbà yìí ni kí orúkọ náà ti kọ́kọ́ jáde, nínú ilé rẹ̀. Ó ní kí wọ́n ní sùúrù, pé òun fẹ́ kí ọmọ wọlé bá ohùn tí ó pé. Ọjọ́ ìkómọ kò ṣeé sún. Wọ́n ṣe é níbòmíràn. Àbúrò rẹ̀ ni ó pe Yéwándé sí ọmọ náà létí.

Nígbà tí ó yá, ọmọbìnrin rẹ̀ gbé ọmọ wá. Bàbá kò jẹ́ kí wọ́n kọjá ìloro.

“Ìṣó kún ilẹ̀. Ó kù díẹ̀.”

“‘Ó kù díẹ̀’ lẹ wí nígbà tí mo lóyún, Bàbá. Ọmọ ti dé, díẹ̀ ò tán.”

“Ìyá ẹ ló fẹ́ máa gbọ́.”

“Màámi ò bèèrè béèsì. Ẹ̀yin ni wọ́n ń gbọ́ láti yàrá. Sìlípáàsì yín, ikọ́ yín, àwàdà tí ẹ̀ ń bá àlejò ṣe. Ta ló tún ń bá yín ṣàwàdà nínú ilé yìí?”

Ọmọ náà bú sẹ́kún, igbe rẹ̀ sì dún padà láti ẹnu ìwo. Ọkùnrin náà yí ojú sí ìwo, ó ń fetí sílẹ̀ bóyá irin rẹ̀ ń gbọ̀n. Ọmọbìnrin rẹ̀ rí i.

“A wà nílé aládùúgbò,” ni ó wí. “Títí ọkọ̀ wa á fi gbéra ni.”

Ìwọ tí mo ń bá sọ̀rọ̀, má fi ọkùnrin yìí rẹ́rìn-ín. Nǹkan kan wà tí ìwọ náà ń tún ṣe nítorí ẹni tí ó ti lọ, tí ẹni tí ó wà láàyè sì ń dúró síta nítorí rẹ̀. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ náà dára. Ìfẹ́ ni o fi ń ṣe é. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kì í parí lọ́wọ́ ẹni tí kò fẹ́ jókòó ti ìbànújẹ́ rẹ̀. Fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ bí ó ṣe wà. Dìde nígbà tí wọ́n ṣì wà nítòsí.

Ní ti ọkùnrin náà, ọkọ̀ kò tíì gbéra. Kò tíì gbá ìṣó nílẹ̀. Kò tíì gbé àga kankan wọlé. Kò tíì wọ bàtà. Kò tíì rí ojú ọmọ náà dáadáa. Kò tíì gbé e. Kò tíì pe orúkọ rẹ̀.