Igbá Tí Láníhùn Dá Rù

Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ẹ ti gbọ́ ọ rí. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti pa á mọ́ ẹ̀yin gan-an, lọ́jọ́ tí ẹ mú ẹran tó gbẹ̀yìn nínú àwo. Ẹ sì ti fura pé ọ̀rọ̀ ọkùnrin kan tó fẹ́ràn ẹnu rẹ̀ ju ara rẹ̀ lọ ni. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ǹjẹ́ ẹ mọ gbòǹgbò rẹ̀? Ǹjẹ́ ẹ mọ ẹni tó ni igbá náà, àti ilé tó rù ú lọ?

Láyé àtijọ́, ní ìlú Ìdí-Ọsẹ̀, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Láníhùn. Ó ti ń súnmọ́ àádọ́rin ọdún, òun ni igbákejì olórí ẹbí rẹ̀, ohun méjì ló sì fi ń yangàn. Èkíní ni ìrántí. Ó lè ka bàbá mẹ́sàn-án sẹ́yìn láìmí, ó sì mọ igi tí wọ́n fi pààlà oko kọ̀ọ̀kan àti ẹni tó gbìn ín. Èkejì ni ara rẹ̀. Ara náà ń dán bí ara ẹni tí wọ́n fi àdín pa, ikùn rẹ̀ a sì máa ṣáájú rẹ̀ dé àwùjọ bí ìránṣẹ́ tí wọ́n ní kó lọ sọ pé ọlọ́lá ń bọ̀.

Láníhùn gbà pé ọ̀rá ló kó méjèèjì wá. Ọ̀rá àgbò, ọ̀rá ìmàdò, awọ tó nípọn, mùdùnmúdùn inú eegun: ohun tó ń pè ní oúnjẹ nìyẹn. Ìyókù, ó ní koríko ni.

Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ ló ń sè é. Ó ti lé ní ogójì ọdún tó ti ń sè é, ó sì ti rẹ̀ ẹ́. Láràárọ̀, tó bá ṣí ìkòkò ọbẹ̀ àná, ọ̀rá á ti dì bo ojú rẹ̀, funfun, ó nípọn tó àtàǹpàkò. Á fi ìgbakọ kàn án, kò ní wọlé. Á dúró máa wò ó.

“Baba Ìgè,” ó ní lọ́jọ́ kan, “ẹ wo ohun tó dí ẹnu ìkòkò yìí. Bó bá lè dí ìkòkò, ṣé kò lè dí èèyàn?”

“Amọ̀ ni wọ́n fi mọ ìkòkò, Ìyá Ìgè. Ẹran ni wọ́n fi tọ́ mi.” Ó na ọwọ́ sí eegun. “Orí tí mo fi ń ka bàbá mẹ́sàn-án yìí, kí lo rò pé ó ń jẹ? Ẹ̀fọ́?”

Lóde òní, bí ẹ bá dé ilé ìwòsàn, wọn ò ní bá yín jiyàn bẹ́ẹ̀. Nọ́ọ̀sì á fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lápá yín, wọ́n á wọn ọ̀rá inú rẹ̀, wọ́n á pe orúkọ rẹ̀ ní kọlẹsitẹrọọlu. Wọ́n á sì kìlọ̀ fún yín pé bí ó bá pọ̀ jù nígbà tí èèyàn ò tíì darúgbó, ó lè ṣàkóbá fún ọkàn, ó sì lè wà lára ohun tó ń ṣàkóbá fún ọpọlọ lọ́jọ́ alẹ́. Ẹ̀yin náà á mi orí, ẹ ó dúpẹ́, ẹ ó sì yà ra ṣàkì lọ́nà. Àwẹ̀ró ò ní abẹ́rẹ́. Ìkòkò rẹ̀ nìkan ló ní, àti ojú tó fi ń wo ọkọ rẹ̀.

Ohun tí ojú náà sì ń rí kò dára. Láníhùn bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọkọ́ tó gbé kọ́ èjìká. Ó pe Àwẹ̀ró ní orúkọ àbúrò rẹ̀ obìnrin tó ti kú. Lọ́jọ́ kan ó jáde lọ ra obì, oòrùn yí, kò dé. Àwẹ̀ró bá a ní oríta odò, ó dúró, ó ń wo ọ̀nà méjì bí ẹni tó ń wo àlejò méjì tí kò mọ̀ rí. Nígbà tó rí ìyàwó rẹ̀, ó ní afẹ́fẹ́ lòun ń gbà. Bàbá mẹ́sàn-án ṣì wà lẹ́nu rẹ̀ ṣáká. Ọ̀nà ilé ló ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó sì ti ń bọ́ sí i, bẹ́ẹ̀ ló ń fọ́ eegun sí i, tó ń fa mùdùnmúdùn rẹ̀ mu, pé kí orí lè rí oúnjẹ jẹ.

Àṣà ẹbí ló ń bo àṣírí rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́tàdínlógún-mẹ́tàdínlógún ni àwọn àgbà ń pàdé nílé olórí ẹbí, ní òkè ọjà. Ìyàwó a ru igbá oúnjẹ ọkọ rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà, a sì padà. Bí àgbà bá jẹun tán, á ṣẹ́ díẹ̀ kù sí ìdí igbá. Àbúrò kan á jẹ ẹ̀yìn náà, á fọ igbá, á rù ú, á sì ṣáájú àgbà títí délé. Kò sí àgbà tó ń bẹ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yìn igbá ló ń bá a bẹ̀bẹ̀. Igbá tó bá mọ́, ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kàn án.

Àwẹ̀ró rí ohun kan nínú àṣà yìí tí àwọn tó dá a sílẹ̀ kò rò. Ẹni tó ru igbá ló ń wá ọ̀nà. Ẹni tó ni ín kàn ń tẹ̀ lé e ni. Nítorí náà ó ń fi ẹran kan lé ẹran ọkọ rẹ̀, kí ẹ̀yìn má ba à wọ́n. Ọ̀jélabí ló máa ń jẹ ẹ́, ọmọ àbúrò bàbá Láníhùn, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ti lé lógójì ọdún, tó ní ọmọ mẹ́fà àti ẹ̀fẹ̀ tí kì í tán. Fún odidi ọdún méjì ni Ọ̀jélabí ń mú Láníhùn wálé, kò sì mọ̀. Àwẹ̀ró ò sọ fún un, kò sọ fún Ìgè ọmọ rẹ̀ pàápàá. Olórí ẹbí ń ṣàìsàn, Láníhùn ló kàn, ta ló sì máa fi ẹbí lé ọwọ́ ẹni tí kò mọ ọ̀nà ilé ara rẹ̀?

Olórí ẹbí kú. Wọ́n sin ín, wọ́n ṣe ohun gbogbo tán, àwọn àgbà sì fẹnu kò pé lọ́jọ́ ìpàdé tó kàn, bí wọ́n bá jẹun tán, kí Láníhùn ṣíwájú lọ sílé rẹ̀. Àwọn á kó obì àti ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀ lé e, wọn á sì fi í joyè níbẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, Àwẹ̀ró di igbá, ó dúró tì í.

“Baba Ìgè, mo bẹ̀ yín. Ẹ ṣẹ́ díẹ̀ kù fún Ọ̀jélabí.”

“Ìwọ ló fẹ́ kọ́ mi ní àṣà ilé bàbá mi?”

“Rárá o. Kí ẹ sáà rántí.”

“Àwẹ̀ró, èmi ni mo ń rántí fún gbogbo yín.”

Ọ̀jélabí ló sọ ìyókù fún Àwẹ̀ró lẹ́yìn náà. Láníhùn ka bàbá mẹ́sàn-án, kò fo ẹyọ kan. Agbo kan sáárá sí i. Ọdẹ kan tí inú rẹ̀ dùn gé ìtan ìmàdò tọ̀ràtọ̀rá sínú igbá rẹ̀, Láníhùn sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ. Ó jẹ tirẹ̀, ó jẹ èlé tí Àwẹ̀ró fi sí i, ó dé orí eegun tó kẹ́yìn.

“Ẹ̀gbọ́n,” ni Ọ̀jélabí wí, “eegun yẹn ti ń bẹ̀ yín láti àárọ̀. Ẹ jẹ́ ó sinmi.”

“Orí olórí ẹbí ni mò ń bọ́. Tìẹ, kí ló wà níbẹ̀ tó fẹ́ jẹun?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Láníhùn fa mùdùnmúdùn náà mu, ó fi òkèlè ìkẹyìn nu igbá yíká, ó sì lá ìka. Ẹ̀rín bá dáwọ́ dúró. Àwọn kan sọ títí dòní pé ọ̀kánjúwà ni. Àwẹ̀ró ní ó gbàgbé ni. Ọ̀rá kan náà ló lè bí ìbejì yẹn.

Ọ̀jélabí yọjú wo inú igbá, ó sì ká ọwọ́ sẹ́yìn. “Ó fúyẹ́, ẹ̀gbọ́n. Kò ní wọ̀ yín lọ́rùn.”

Láníhùn gbé igbá rẹ̀ karí, ó na àyà, ó jáde.

Àwẹ̀ró ti gbá ojúlé, ó ti tẹ́ ẹní, nígbà tó gbọ́ ẹsẹ̀ wọn. Ó kúnlẹ̀ kí wọn. Lẹ́yìn náà ló wo ẹ̀yìn wọn.

“Baba Ìgè dà?”

“Ó ti ṣíwájú wa tipẹ́,” ni èyí tó mú ìlẹ̀kẹ̀ dání dáhùn.

“Ta ló ru igbá?”

Ọ̀jélabí wo ilẹ̀. Àwẹ̀ró dìde láti orí ìkúnlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó sọ ẹrù ọdún méjì kalẹ̀ tí kò sì rọrùn fún un síbẹ̀.

Oòrùn kò tíì wọ̀ nígbà tí wọ́n rí i. Ó jókòó lórí ògiri àwókù kan ní ìsàlẹ̀ odò, koríko yí i ká, igbá wà lórí orúnkún rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn láti rí wọn.

“Ẹ bá mi jókòó,” ó ní. “Ìyá mi ló máa gba igbá. Kò tíì ti oko dé.”

Ẹni tó mú ìlẹ̀kẹ̀ dání tì í bọ àpò. Ọ̀jélabí gba igbá tó mọ́ náà, ó rù ú, ó sì ṣáájú. Láníhùn tẹ̀ lé e. Àwẹ̀ró rìn lẹ́yìn.

Láti ìgbà náà ni àwọn àgbà ti ń pa òwe yìí fún ẹni tó bá jẹ tirẹ̀ tán láìro ẹni tó wà lẹ́yìn, nígbà tó bá ń wá ẹni tí yóò ràn án lọ́wọ́ tí kò rí. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Òwe náà tilẹ̀ bo Láníhùn láṣìírí díẹ̀, nítorí kò ru igbá náà délé. Ilé ìyá rẹ̀ ló rù ú dé, ilé náà sì ti wó ní ọdún mẹ́ta kí ó tó gbé Àwẹ̀ró níyàwó.