Ààlè Tí Òbúkọ So Sẹ́nu Ọ̀nà Pápá

— Àlọ́ o!

— Àlọ̀!

— Àlọ́ mi kò já sọ́jà, kò já sódò. Pápá tútù ló já sí. Ó bọ́ sórí Ìyá Àgùntàn, ó bọ́ síkùn Òbúkọ.

Ní ìgbà kan rí, nígbà tí àwọn ẹranko ṣì ń jẹun pọ̀, ewéko kan wà tí wọ́n ń pè ní abolẹ̀. Ewé mẹ́ta-mẹ́ta ló ń yọ. Bí wọ́n bá ti wa iṣu tán, òun ni wọ́n ń gbìn sórí ilẹ̀ náà kí ilẹ̀ lè sinmi, kí oòrùn má baà rí i sun. Ó sì dùn lẹ́nu àwọn tó ń jẹ koríko. Wọn kì í fi ìrì jẹ ẹ́ o! Wọ́n á dúró kí oòrùn mú ìrì gbẹ, torí ẹni tó bá fi ìrì jẹ ẹ́, ikùn rẹ̀ á wú. Lẹ́yìn náà ni Ẹtu, Ehoro, Àgùntàn àti Òbúkọ á jọ wọlé. Wọ́n á máa jẹ, wọ́n á máa ròyìn ẹni tó gbéyàwó àti ẹni tó bímọ. Ìwọ Àyọ̀ká tó jókòó síbẹ̀ yẹn, má rẹ́rìn-ín. Ayé ìgbà náà dùn, àárò rẹ̀ ń sọ mí.

Lọ́dún kan, ọ̀dá dá. Gbogbo koríko gbẹ, ó ku abolẹ̀. Òbúkọ wo pápá, ó wo àwọn tó ń jẹ ẹ́, ọ̀kánjúwà wọ̀ ọ́ lẹ́wù. "Bí gbogbo wa bá ń jẹ ẹ́ báyìí, kí ni yóò kù fún èmi?"

Ó wá àkísà pupa, ó wá ìkarahun ìgbín, ó fi màrìwò so wọ́n pọ̀, ó gbé e kọ́ sẹ́nu ọ̀nà pápá. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé a kì í kọjá ààlè. Ẹni tó so ó nìkan ló lè tú u. Òbúkọ wá figbe ta: "Yéè! Ta ló pààlè sí pápá wa? Ẹni tó bá kọjá níbẹ̀, ọmọ rẹ̀ á kú o!"

Ìyá Àgùntàn ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni. Ojoojúmọ́ ló ń lọ dúró níwájú ààlè náà, tó ń wo ewé tútù lókèèrè. Ìyá rẹ̀ tó ti kú ló kọ́kọ́ mú un wọ ibẹ̀, tó ń já èyí tó rọ̀ fún un. Ó rántí, omijé bọ́. Ọmú tirẹ̀ ti gbẹ.

"Ìyá mi, ebi ń pa mí."

"Ṣe sùúrù, ọkọ mi."

Ohùn ọmọ náà ń lọ sílẹ̀.

Òbúkọ ńkọ́? Ẹ̀yìn pápá ló ń gbà wọlé láàárọ̀. Kò lè dúró de oòrùn, kí wọ́n má baà rí i. Tìrì-tìrì ló ń jẹ ẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó jẹ àjẹjù. Ikùn rẹ̀ wú rogodo, ó ṣubú lulẹ̀ nínú pápá. Ó rí Ìyá Àgùntàn lẹ́nu ọ̀nà, ó ké sí i:

"Ìyá Àgùntàn, gbà mí! Ikùn mi fẹ́ bẹ́!"

"Háà, Baba Òbúkọ! Báwo lẹ ṣe kọjá ààlè?"

"Irọ́ ni! Àkísà ilé mi ni! Èmi ni mo so ó!"

Ẹtu àti Ehoro ti sáré dé. Ehoro mirí. "Ẹ má dá a lóhùn. Ààlè ti mú un, ó ń wá ẹni tí yóò bá a kú."

Òbúkọ forin sẹ́nu. Ẹ bá mi gbè é:

Ẹ gbà mí o, ará ilé —
*Ààlè ò jẹ́!*
Ikùn mi ń wú, ará oko —
*Ààlè ò jẹ́!*
Ẹ sáré wá, mo ń kú lọ —
*Ààlè ò jẹ́!*

Àánú ṣe Ìyá Àgùntàn. Ó mọ ohun tí wọ́n ń ṣe fún ikùn tó wú. Ṣùgbọ́n ó wo ọmọ rẹ̀, ó rántí pé ọmọ ẹni tó bá kọjá níbẹ̀ á kú. Ó ní: "Baba, tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ so ó lóòótọ́, ẹ wá tú u lójú wa."

Òbúkọ wọ́, ó sinmi, ó tún wọ́. Níkẹyìn, ó fi eyín já màrìwò náà. Kò sí ohun tó ṣe é.

Ìyá Àgùntàn sáré wọlé. Kò dúró já ewé kan. Ó gbé ẹsẹ̀ iwájú Òbúkọ lé orí ebè, ó ń fi orí tẹ ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀, ó ń tẹ̀ ẹ́, títí atẹ́gùn fi jáde. Òbúkọ mí. Ó gbọ́ ẹkún tín-ín-rín lẹ́yìn rẹ̀.

"Ta ló ń ké yẹn?"

"Ọmọ mi ni. Ebi ló ń pa á."

Nígbà tí oòrùn mú ìrì gbẹ, wọ́n jọ wọlé jẹun, wàrà sì tún sun lọ́mú fún ọmọ àgùntàn. Wọ́n ké sí Òbúkọ títí. Ẹ̀bá ọ̀nà ló dúró sí, tó ń jẹ koríko gbígbẹ. Ẹnikẹ́ni kò lé e. Ojú ló ń tì í.

Ìdí àlọ́ mi rèé, ẹ gbé e sùn: ẹni tó bá fi ẹ̀rù lé ẹlòmíràn kúrò nídìí oúnjẹ, òun nìkan ni yóò wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí yóò ké "Ẹ gbà mí!"