Agẹmọ, Ẹni Tó Wọn Èéfín Òkè Ìwé

Nígbà kan rí, kí wọ́n tó bí ẹni tó bí ẹni tó bí mi, Agẹmọ funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú. Ó máa ń sáré bí ọ̀yà tí ajá ń lé. Ẹnu rẹ̀ kì í sì í dákẹ́. Kí ó tó yọ lókèèrè ni ẹ ó ti máa gbọ́ ohùn rẹ̀: "Ẹ kú ilé o! Ẹ kú iṣẹ́ o! Ṣé àlàáfíà ni gbogbo yín wà?" Bẹ́ẹ̀ ni ìyá rẹ̀ ṣe tọ́ ọ.

Nígbà náà, àwọn ẹranko ní yunifásítì tiwọn. Orí òkè ni wọ́n kọ́ ọ sí, wọ́n sì ń pè é ní Òkè Ìwé. Erin ni ọ̀gá àgbà ibẹ̀. Òòrẹ̀ ló ń kọ́ wọn ní ìṣègùn, nítorí kò sí ẹranko tó ní abẹ́rẹ́ tó o. Ìnàkí ń kọ́ wọn ní iṣẹ́ irin. Ìyá Ìmàdò ló ń dáná fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Edun ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ náà, inú ilé gígùn kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ adágún omi ni wọ́n ń gbé.

Gbogbo wọn ló ń ṣe èéfín. Igi tútù ni Ìyá Ìmàdò fi ń dáná. Ìnàkí ń fẹ́ ẹwìrì síná irin láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Àwọn edun ní jẹnẹrétọ̀ kan tó ń pariwo ju àwọn fúnra wọn lọ. Ẹ má bi mí pé níbo ni wọ́n ti rí jẹnẹrétọ̀ láyé ìgbà yẹn o. Èmi kọ́ ni mo tà á fún wọn.

Èéfín náà ń gòkè, ṣùgbọ́n kò lọ. Ó dúró sókè níbẹ̀, ó bo Òkè Ìwé bí ìgbà tí ènìyàn bá fi aṣọ ìbora bo orí lọ́sàn-án gangan. Ooru fẹ́ jáde, kò rí ọ̀nà. Omi adágún wá bẹ̀rẹ̀ sí í fà.

Inú adágún yìí ni Ìyá Àkèré bímọ sí. Ọmọ mẹ́tàlélógún ni. Ìrù nìkan ni wọ́n ní, kò tíì sí èyí tó hu ẹsẹ̀ nínú wọn. Bí omi bá gbẹ kí ẹsẹ̀ wọn tó jáde, ó parí fún wọn nìyẹn.

Ìyá Àkèré fò lọ bá Erin, ó ń sunkún. "Ọ̀gá, ẹ gbà mí! Ooru fẹ́ pa mí lọ́mọ."

"Ooru? Ooru wo?" Erin ló ń béèrè bẹ́ẹ̀. Yàrá rẹ̀ tutù tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi wọ súwẹ́tà.

Ṣùgbọ́n Erin kì í ṣe ẹni burúkú. Ó pe gbogbo ilé jọ, ó ní, "A ó wọn èéfín ilé kọ̀ọ̀kan. Ilé tí èéfín rẹ̀ bá pọ̀ jù ni yóò kọ́kọ́ pa iná."

Ta wá ni yóò wọ̀n ọ́n? Èéfín kò ṣeé dì sínú agbọ̀n, kò sì ṣeé gbé sórí ìwọ̀n. Òòrẹ̀ ló mú àbá wá. "Ẹ jẹ́ kí Agẹmọ lọ. Ara rẹ̀ funfun. Bí ó bá dúró ti ilé kan díẹ̀, bí ara rẹ̀ bá ṣe ṣókùnkùn tó la ó fi mọ bí èéfín ibẹ̀ ṣe pọ̀ tó."

Inú Agẹmọ dùn débi pé kò jẹun kí ó tó gbéra. Ó sáré lọ sí ilé àwọn edun. "Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́! Èmi Agẹmọ ni mò ń bọ̀ o! Mo wá wọn èéfín!"

Kíá, àwọn edun pa jẹnẹrétọ̀, wọ́n da ẹní bò ó, wọ́n sì ṣí ìwé. Ìwé ẹlòmíràn nínú wọn tilẹ̀ dorí kodò. Agẹmọ dúró títí, kò rí nǹkan kan.

Ó sáré dé ilé ìdáná. "Ẹ kú ìdáná o, Ìyá Ìmàdò!" Ṣàà! Ìyá Ìmàdò ti da omi síná, ó gbé ìbẹ́pẹ síwájú. "Ìdáná kẹ̀, ọmọ mi? Èso lásán là ń jẹ níbí."

Nígbà tí ó dé ọ̀dọ̀ Ìnàkí, Ìnàkí ti jókòó lé ẹwìrì mọ́lẹ̀, ó di àyà mú. "Ara mi ò yá, Agẹmọ. N ò tíì fọwọ́ kan irin láti ìjẹta."

Kí oòrùn tó wọ̀, Agẹmọ ti padà dé, ó funfun bí ó ṣe lọ. Erin fi ìmú fọn fèrè. "Ẹ ò rí i! Òkè Ìwé mọ́ tónítóní!" Ó ní kí wọ́n lọ ra jẹnẹrétọ̀ kan sí i láti fi ṣàjọyọ̀.

Ní ọjọ́ kejì, Ìyá Àkèré dá Agẹmọ lọ́nà.

"Ẹ kú àárọ̀ o, Ìyá Àkèré! Ẹ kú omi o! Ẹ kú ọmọ o! Ẹ kú…"

"Dákẹ́ ná! Kíkí tí ò ń kí kiri yìí ló fẹ́ pa mí lọ́mọ."

"Èmi kẹ̀?" ni Agẹmọ wí.

"Inú omi ni mo ti ń wò ọ́ lánàá," ni Ìyá Àkèré wí. "Bí o bá ti kí wọn báyìí, wọ́n á pa iná. Bí o bá ti yí ẹ̀yìn padà, wọ́n á tún tàn án. Ìwọ gan-an lò ń ta wọ́n lólobó."

"Háà, ìyá mi! Báwo ni mo ṣe máa dé ẹnu ọ̀nà àgbàlagbà láìkí i? Wọ́n á ní wọn ò kọ́ mi nílé. Wọ́n á bú ìyá tó bí mi."

"Wọ́n á bú ìyá rẹ. Èmi tèmi ńkọ́? Wá wo àwọn ọmọ mi! Omi ò bo ẹ̀yìn wọn mọ́, ìwọ ń sọ̀rọ̀ èébú."

Agẹmọ wo inú adágún. Àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ náà há mọ́ ara wọn, wọ́n ń ju ìrù. Àánú wọn ṣe é gan-an. Ó ní, "Kò burú. Kí wọ́n máa bú mi." Ó pa ẹnu dé, ó sì lọ.

Lọ́tẹ̀ yìí, kò sáré. Ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó dá a dúró lókè, ó mì díẹ̀ bí ewé tí atẹ́gùn ń fẹ́, kí ó tó gbé e kalẹ̀. Ó tún gbé èkejì. Kò sí edun tó fura.

Nígbà tó dé ẹ̀gbẹ́ ilé wọn, ìwé tí wọ́n ṣí sílẹ̀ ló rí níwájú. Ẹ̀yìnkùlé, lẹ́yìn rẹ̀, sì ni ariwo ti ń wá. Bí ó bá yí orí, wọ́n á rí i. Ó wá fi tipátipá ti ojú kan sẹ́yìn, ó fi èkejì sílẹ̀ níwájú. Yéè! Ó dùn ún! Ṣùgbọ́n ó rí jẹnẹrétọ̀ náà kedere. Ó na ìrù sí èéfín rẹ̀, ó dúró títí ó fi gbà á sára.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló fi wọn èéfín Ìyá Ìmàdò. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló fi wọn ti Ìnàkí. Ìnàkí ṣèèṣì rí i níbi tó ti ń yọ́ lọ. "Agẹmọ! O rí mi, o ò kí mi? Ọmọ tí wọn ò kọ́!" Omi bọ́ lójú Agẹmọ méjèèjì, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Ó gbé ẹsẹ̀ mìíràn.

Ọjọ́ mẹ́jọ ló fi rìn ín. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, omi adágún kò ju èyí tó lè kún àwo ọbẹ̀ kan lọ. Ìyá Àkèré ń fi ẹnu fa omi nínú ẹrẹ̀, ó ń tú u sára àwọn ọmọ rẹ̀. Nígbà tó gbọ́ pé Agẹmọ ti dé, ó sáré lọ sí ìpàdé tí Erin pè.

Wọ́n pé jọ lábẹ́ igi odán, Agẹmọ sì rọra gun orí tábìlì. Ìrù rẹ̀ dà bí eérú. Àwọn edun bojú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ pupa bí igi ìdáná. Ìyá Ìmàdò ń wo ilẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní àwọ̀ irin tó dógùn-ún, àyà sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í dun Ìnàkí. Ṣùgbọ́n orí Agẹmọ, orí rẹ̀ dúdú bí kóró iṣin!

"Ilé ta ni orí yìí?" Erin bínú, ó jan ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀. "Èyí mà ga o! Ẹni náà ò tilẹ̀ bẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Lónìí gan-an ni yóò pa iná rẹ̀!"

 Agẹmọ fi ojú kan wo Erin. Ojú kejì rọra yí, ó yí, ó lọ dúró sí ẹ̀yìn ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà. Gbogbo wọn yí orí síbẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ mẹ́rin tò síbẹ̀, wọ́n ń hó yèè, nítorí kí yàrá kan ṣoṣo lè tutù.

 Òòrẹ̀ wúkọ́ díẹ̀. Ìyá Àkèré ló fò síwájú. "Ọ̀gá, ẹ ní lónìí gan-an."

Erin wo Agẹmọ. Ó wo súwẹ́tà ọrùn ara rẹ̀. "Ojú tì mí," ló wí. Ó bọ́ súwẹ́tà náà, ó lọ fúnra rẹ̀, ó sì pa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Nígbà tó padà dé, òógùn bò ó. Ó wá rántí pé òun ní etí, ó ju ọ̀tún, ó ju òsì. "Áà! Èyí náà tutù!" Títí di òní, etí rẹ̀ ló fi ń fẹ́ ara.

Bí ọ̀gá bá ti pa tirẹ̀, ta ni yóò jiyàn? Àwọn edun pa tiwọn. Ìnàkí sinmi ẹwìrì. Ìyá Ìmàdò bẹ̀rẹ̀ sí í sá igi gbẹ kí ó tó dáná. Èéfín fẹ́lẹ́, ooru rí ọ̀nà jáde. Ní ọjọ́ kẹta, òjò rọ̀, adágún kún.

Agẹmọ lọ fi kànhìnkànhìn ha ara rẹ̀ nínú odò. Ó ha á títí, kò padà funfun mọ́. Iṣẹ́ náà ti mọ́ awọ rẹ̀ lára. Ohunkóhun tó bá ti sún mọ́ ló ń wọ̀n, àwọ̀ nǹkan náà ló sì ń mú.

Ìyá Àkèré bá a létí odò. "Agẹmọ, ọmọ mi, mo ti ba ẹwà rẹ jẹ́." Kí ó tó sọ̀rọ̀ tán, àwọn ọmọ rẹ̀ ti ń jáde láti inú omi, wọ́n ń fò tọ́-tọ́-tọ́. Ẹsẹ̀ wọn ti jáde! Wọ́n gun ẹ̀yìn Agẹmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo mẹ́tàlélógún. Ara Agẹmọ bá di àwọ̀ ewé, àwọ̀ tiwọn gan-an.

Ọjọ́ yẹn ni Agẹmọ ti di ẹni tó ń yọ́ rìn, tí ojú rẹ̀ méjèèjì kì í wo ibì kan náà, tí àwọ̀ rẹ̀ ń yí padà, tí kì í sì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá rí i lẹ́yìnkùlé yín, ẹ má lé e o. Iṣẹ́ ló wá ṣe. Ẹ yáa lọ pa jẹnẹrétọ̀ yín.