Ọdẹ́rìnlọ àti Ebè Tí Ọba Kọ ní Ìdóko

Ẹ̀rùn mẹ́ta léraléra ni Jagunlabí, ọ̀gágun akónilẹ́rú kan, fi fojú ìlú Ìdóko rí màbo. Bí ìkórè bá ti parí, òun àti àwọn ẹlẹ́ṣin rẹ̀ yóò gba ipadò Ọ̀wẹ́rẹ́ wọlé, wọn a sun abà, wọn a kó èèyàn lẹ́rú. Nígbà tó di ọdún kẹrin, ó ránṣẹ́ pé kí ìlú kó ogójì ọ̀dọ́ wá fún òun kí oṣù tó parí, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, òun yóò sọ Ìdóko di ahoro. Àwọn jagunjagun ìlú sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú tán. Àwọn tó kù ti darúgbó.

Kábíyèsí Aróyèwún pe gbogbo ìlú jọ síwájú ààfin. Ọba yìí fẹ́ràn àwọn èèyàn rẹ̀ débi pé ó mọ orúkọ àwọn ìkókó wọn. Ó ní òun kò ní fún Jagunlabí ní ẹnì kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n òun kò sì ní fipá mú ọmọ ẹnikẹ́ni lọ sójú ogun, nítorí kò sí agboolé tí kò tíì sunkún.

Ìgbà náà ni Ọdẹ́rìnlọ dìde, ọmọ ogún ọdún, ọmọ kan ṣoṣo tí Àwẹ̀ró amọ̀kòkò bí, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn tí ń dá ẹṣin dúró. Oníwà tútù ni, kò tilẹ̀ bá ẹnikẹ́ni jà rí. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní: "Kábíyèsí, kò sí ẹni tó rán mi. Àwọn tó tọ́ mi dàgbà ló jókòó síbí yìí. Mi ò lè máa wò wọ́n kí wọ́n máa sá wọgbó lọ́dọọdún. Mo yọ̀ǹda ara mi."

Àwọn èèyàn rò pé ìyá rẹ̀ yóò fà á jókòó. Obìnrin náà kàn gbọn eruku àyà ọmọ rẹ̀ nù, ó sì rọra béèrè pé ta ni yóò wá bá òun kọ ebè iṣu lọ́dún yìí.

Ọba dáhùn kí ẹlòmíràn tó sọ̀rọ̀. "Èmi ni, Àwẹ̀ró. Ọwọ́ mi yìí ni yóò kọ ọ́."

Bí àwọn ọ̀dọ́ yòókù ti gbọ́ èyí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dìde lọ́kùnrin lóbìnrin, títí wọ́n fi pé méjìdínlógójì.

Ọdẹ́rìnlọ mọ etí odò Ọ̀wẹ́rẹ́ dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni òun àti ìyá rẹ̀ ti ń wa amọ̀. Ọjọ́ mọ́kànlá ni òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ fi gbẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀, wọ́n da omi sí i títí ó fi rọ̀, wọ́n sì fi koríko bò ó. Nígbà tí àwọn ẹlẹ́ṣin dé láàárọ̀ ọjọ́ kejìlá, Ọdẹ́rìnlọ dá dúró gbangba lẹ́yìn kòtò amọ̀ náà. Wọ́n kọjú eré sí i, ẹṣin wọn sì rì dé ikùn. Wọ́n jà títí oòrùn fi kanrí. Méje nínú àwọn ọ̀dọ́ náà ṣubú, ọ̀kọ̀ sì gún Ọdẹ́rìnlọ lápá ọ̀tún, ọwọ́ náà kò sì lè mọ ìkòkò mọ́ láéláé. Ṣùgbọ́n Jagunlabí há sínú amọ̀, wọn kò sì fà á jáde títí ó fi búra pé òun kò ní kọjá odò náà mọ́, tó sì dá gbogbo ẹrú Ìdóko sílẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, wọ́n bá Kábíyèsí nínú oko Àwẹ̀ró, erùpẹ̀ dé orúnkún rẹ̀. Ebè rẹ̀ kò dára rárá: òmíràn tóbi bí òkìtì ọ̀gán, òmíràn kò tó igbá kan. Ọdẹ́rìnlọ bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún bó ti ń ka orúkọ àwọn méje náà. Ọba ju ọkọ́ sílẹ̀, ó dì mọ́ ọn, ó sì ṣí fìlà fún gbogbo wọn, ohun tí ọba kì í ṣe.

"A kò fipá mú yín, síbẹ̀ ẹ lọ," ló wí. "Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọmọ wa. Oko ẹni tó bá lọ dáàbò bo Ìdóko kò ní di igbó láé."

Ó sì kọ ebè fún ìdílé àwọn méje náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Títí di òní, bí ọmọ Ìdóko bá fínnúfíndọ̀ wọ iṣẹ́ sójà, ọba tó wà lórí oyè a gbé ọkọ́ lọ sí oko àwọn òbí rẹ̀, a kọ ebè àkọ́kọ́, àwọn ìjòyè a sì kọ ìyókù. Ebè ọba kì í sábà dára, ṣùgbọ́n a kò tíì rí ìyá kan tó tún un kọ.