Oko Tó Ní Ìyá Kan Ṣoṣo

Ọkùnrin kan wà tí ilẹ̀ mọ́ bá, tí ebè oko rẹ̀ pọ̀ ju igi ẹ̀gẹ́ tó ní lọ́wọ́ lọ. Ọ̀rọ̀ náà kò sì ṣe é fi dọ̀la. Òjò ti rọ̀, àárò ti yí kàn án, àwọn tí wọ́n jọ ń ṣàárò ti wà lójú ọ̀nà. Bí ilẹ̀ bá fi lè ṣú, ọ̀la di ti ẹlòmíràn, ebè tó bá ṣófo á di ti koríko.

Àṣà kan wà ní ìlú wọn. Ẹni tó bá ń lọ ṣàárò ẹ̀gẹ́ kì í lọ lọ́wọ́ òfo. Á di igi díẹ̀ láti oko tirẹ̀, á fi há abíyá. Wọn kì í tà á, wọn kì í sì í dúpẹ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló fi jẹ́ pé oko ẹnìkan kì í wà tí ẹ̀gẹ́ ẹlòmíràn kì í sí níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí ti fìgbà kan rí ẹ̀gẹ́ kan lẹ́bàá odò, tí iṣu rẹ̀ tó itan géńdé. Ó gé e, ó gbìn ín. Ó gé èyí tó hù, ó tún gbìn ín, títí oko rẹ̀ fi di ẹ̀gẹ́ yẹn nìkan. Ẹ̀gẹ́ ẹnikẹ́ni kò dà bíi tirẹ̀. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì ń rí i dájú pé wọ́n mọ̀.

Nígbà tí àwọn aláàárò dé, ó ní kí wọ́n lọ kó igi wọn sẹ́bàá ọ̀nà.

"Ẹlẹ́gẹ̀ẹ́," ni ọ̀kan nínú wọn wí, "àbí tiwa ń rùn ni?"

"Kò rùn. Ó kàn ń so bí ìka ọwọ́ ni."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà kò dénú. Ìyàwó rẹ̀, tó gbé oúnjẹ wá, fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Bàbá wọn, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ fi tiwọn há igun kan, kí ebè má ṣófo."

"Mi ò ní fọwọ́ ara mi gbin àbùkù sóko mi."

Ó mú àdá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé igi tirẹ̀ ní kúkurú, èyí tí ì bá jẹ́ ẹyọ kan di méjì. Kí oòrùn tó wọ̀, ebè ti kún. Igi àwọn aláàárò gbẹ sẹ́bàá ọ̀nà níbẹ̀.

Bó ti ṣe oko ló ti ṣe ilé. Ó bí ọmọkùnrin mẹ́ta. Àkọ́bí fẹ́ kọ́ iṣẹ́ wẹ́dà, bàbá rẹ̀ kọ̀. Èkejì fẹ́ máa bá ọkọ̀ lọ. Ó ní ọmọ òun kì í ṣe ọmọ ojú títì. Ẹ̀kẹta ti rí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kò tiẹ̀ lanu. Wọ́n di ọkọ́ mú bíi tirẹ̀, wọ́n ń tutọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ bíi tirẹ̀, kódà wọ́n ń wúkọ́ bíi tirẹ̀. Àwọn aládùúgbò a máa ní, "Ọkùnrin yìí bí ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta." Ọ̀rọ̀ náà máa ń dùn mọ́ ọn.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé ti àárò yẹn, àrùn wọ ẹ̀gẹ́. Ewé pọ́n rúsúrúsú, ó ká jọ bí ohun tí iná rà lára. Ní oko àwọn tó kù, èyí kú, èyí dúró, wọ́n sì rí nǹkan jẹ. Ní ti ọkùnrin yìí, ó rìn gba àárín ebè láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi kàn án látàrí, ó ń wá ẹyọ igi kan tí ewé rẹ̀ tutù. Kò rí. Ó fa ọ̀kan tu. Iṣu rẹ̀ ti rà nínú.

Obìnrin kan tí ìjọba máa ń rán wá kọ́ àwọn àgbẹ̀ bá a níbi tó jókòó sí.

"Ọmọ mi," ọkùnrin náà bi í, "kí ni mo ṣe tí ẹyọ kan ò fi ṣẹ́ kù?"

"Bàbá, irú èyí ní orúkọ. Kulóònù ni wọ́n ń pè é. Ọ̀dọ̀ àwọn Gíríìkì àtijọ́ ni ọ̀rọ̀ náà ti wá, ẹ̀ka kékeré tí a ṣẹ́ lára igi ni wọ́n fi ń pè. Akọ ò pàdé abo. Ohun kan ṣáà ni, tó ń ti ara ara rẹ̀ yọ. Agbára rẹ̀ kan náà, àìlera rẹ̀ kan náà. Ohun tó bá lè pa ọ̀kan, gbogbo wọn ló pa."

"Oko ńlá ni mo ní o."

"Igi kan lẹ ní, bàbá. Ẹ kàn gbìn ín káàkiri ni."

Ó dé ilé, ó bá àwọn ọmọ rẹ̀ tí wọ́n to ara wọn sórí bẹ́ǹṣì. Àkọ́bí ní, "Bàbá, ibo la ń lọ tí ilẹ̀ bá mọ́?" Ojú mẹ́ta tó jọ ojú rẹ̀ ń wò ó.

Ìwọ tó ń gbọ́ èyí, má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ ẹ̀gẹ́ nìkan ni. Ẹ̀gẹ́ kò ní bàbá, ìyá kan ṣoṣo ló ní, bí a ti gé e ló ń hù. Ọmọ tìrẹ kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni méjì ló pàdé kó tó wáyé, kí ó lè ní ohun tí ìwọ kò ní. Ìwọ lo mú àdá, tó o gé e ní ìwọ̀n ara rẹ, tó o sì ń pè é ní ẹ̀kọ́ ilé. Àbùkù tó wà lára rẹ, tí o kò tíì rí, o ti gbìn ín sára àwọn ọmọ rẹ. Ọjọ́ tí ó bá jí, kò ní ku ẹni tí yóò fa ẹnì kejì dìde.

Oko ọkùnrin yẹn ti di igbó. Àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń ro oko olóko. Wọn ò mọ iṣẹ́ mìíràn.